Jonathan Jasper Wright, agbẹjọ́rò, aṣòfin, adájọ́: ìbéèrè àti ìdáhùn

Èbúté Charleston, ní South Carolina, ni ìbọn àkọ́kọ́ ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ti dún lọ́dún 1861, nítorí pé àwọn olóko ńláńlá ibẹ̀ ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ẹrú wọn. Ọdún mẹ́wàá ò tíì pé sígbà náà tí ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan fi jókòó sórí àga ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní ìpínlẹ̀ yẹn kan náà, tó ń dá ẹjọ́ àwọn tó ni ẹrú lánàá. Jonathan Jasper Wright lorúkọ rẹ̀. Àwọn ìbéèrè tí mo sábà máa ń gbọ́ nípa rẹ̀ nìyí. Ìdáhùn kan gùn ju òmíràn lọ, torí pé ibi tí ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí ti le kì í ṣe ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò.

Ta ni Wright, ní ṣókí?

Agbẹjọ́rò ni. Ó ṣe sẹ́nétọ̀ ìpínlẹ̀. Ó sì jẹ́ adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní South Carolina láti oṣù kejì ọdún 1870 títí di òpin ọdún 1877. Kò sí aláwọ̀ dúdú kankan ní Amẹ́ríkà tó ti jókòó nílé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ èyíkéyìí ṣáájú rẹ̀. Ẹni ọdún 26 ni nígbà tó gba ìwé àṣẹ agbẹjọ́rò. Ọjọ́ tí wọ́n yàn án sípò adájọ́, ó ku ọjọ́ mẹ́wàá kó pé ọgbọ̀n ọdún. Ó kú lẹ́ni ọdún 45.

Ṣé ẹrú ni wọ́n bí i?

Rárá. Pennsylvania ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 1840, ìyẹn ìpínlẹ̀ tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fòpin sí ìkónilẹ́rú díẹ̀díẹ̀ láti ọdún 1780. Àgbègbè Susquehanna, lápá àríwá ìpínlẹ̀ náà, ló dàgbà sí. Àmọ́ òmìnira tí wọ́n bí i sí lábùkù. Ọdún méjì ṣáájú ìbí rẹ̀ ni Pennsylvania tún ìwé òfin rẹ̀ kọ, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé aláwọ̀ funfun nìkan ló lè dìbò. Aláwọ̀ dúdú lè ro oko tirẹ̀, ó lè san owó orí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìbò, ilé rẹ̀ ni yóò jókòó sí. Ẹsẹ̀ kan wà nínú ilé, ìkejì wà níta.

Yunifásítì wo ló ti kọ́ ìmọ̀ òfin?

Kò kọ́ ọ ní yunifásítì. Lásìkò yẹn, ọ̀pọ̀ agbẹjọ́rò Amẹ́ríkà ni kò gba yunifásítì kọjá. Abraham Lincoln fúnra rẹ̀, ìwé òfin ló jókòó tì tó ń kà fúnra rẹ̀ títí tó fi di agbẹjọ́rò.

Wright lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Lancasterian Academy ní Ithaca, ní ìpínlẹ̀ New York. Ó padà wálé, ó ń ṣe tíṣà, ó sì lọ kọ́ṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn agbẹjọ́rò Bentley, Fitch àti Bentley ní ìlú Montrose. Ẹni tó bá ti rí bí ọmọṣẹ́ ṣe ń gbé lọ́dọ̀ ọ̀gá télọ̀ tàbí mẹkáníìkì ti mọ bó ṣe máa ń rí. Ọmọṣẹ́ agbẹjọ́rò a máa fọwọ́ da ìwé àdéhùn àti ìwé ilẹ̀ kọ, nítorí kò tíì sí ẹ̀rọ tó ń dà á kọ. A máa sáré gbé ìwé lọ sí kóòtù. A máa wo bí ọ̀gá ṣe ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Tó bá dalẹ́, a máa ka Blackstone, ìwé òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí kò sí agbẹjọ́rò ayé ìgbà náà tí kò ní in nílé. Nígbà tó bá tó àkókò, ìgbìmọ̀ àwọn agbẹjọ́rò àgbà yóò pè é, wọn yóò da ìbéèrè bò ó. Bó bá yege, kóòtù a kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Fírídọ̀mù tirẹ̀ nìyẹn.

Kí ló wá dé tí wọ́n kọ́kọ́ kọ̀ ọ́?

Àwọ̀ ara rẹ̀. Kò sí ìdí mìíràn. Ó ti kàwé, ó ti kọ́ṣẹ́, síbẹ̀ ìgbìmọ̀ ò gbà á láàyè láti dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìdánwò.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù, àwọn tó jà nítorí ẹrú, nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Àríwá ni Pennsylvania wà, àwọn tó ń jà kí wọ́n dá ẹrú sílẹ̀ sì pọ̀ ní Montrose gan-an. Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà ni òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú tí ilé aṣòfin àpapọ̀ ṣe ní oṣù kẹrin ọdún 1866, èyí tó sọ pé ọmọ Amẹ́ríkà ni gbogbo ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀, pé ẹ̀tọ́ kan náà ni wọ́n ní lábẹ́ òfin. Wright padà wá kan ilẹ̀kùn náà. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹjọ ọdún yẹn, wọ́n gbà á wọlé. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó di agbẹjọ́rò ní gbogbo Pennsylvania. Ọpọlọ rẹ̀ ò kúkú yí padà láàárín àkókò yẹn. Òfin ló yí padà.

Báwo ni ọmọ Pennsylvania ṣe dé South Carolina?

Iṣẹ́ tíṣà ló gbé e débẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1864, ó wà ní Syracuse, níbi ìpàdé ńlá àwọn aláwọ̀ dúdú tí Frederick Douglass, ẹrú tẹ́lẹ̀ tó di gbajúmọ̀ ajàfẹ́tọ̀ọ́, darí, ìpàdé tí wọ́n ti béèrè fún ẹ̀tọ́ ìdìbò nígbà tí ogun ò tíì tán pàápàá. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, American Missionary Association, ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ kan tó ń dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbòmìnira, rán an lọ sí Beaufort, ní etíkun South Carolina.

Beaufort yàtọ̀ sí ìlú tó kù. Oṣù kọkànlá ọdún 1861 ni ọkọ̀ ojú omi ogun Àríwá ti gba etíkun ibẹ̀. Àwọn aláwọ̀ funfun tó ni oko òwú sá lọ, wọ́n fi ilé sílẹ̀, wọ́n fi oko sílẹ̀, wọ́n sì fi nǹkan bíi 10,000 ẹrú sílẹ̀. Nígbà tí Wright máa fi débẹ̀, àwọn èèyàn wọ̀nyí ti ń ṣe ara wọn bí ọmọ ìlú fún ọdún mẹ́ta ó lé. Ara àwọn tó kọ́ níwèé ni ọmọ ogun dúdú tí nọ́ńbà ẹgbẹ́ wọn jẹ́ 128. Fojú inú wò ó: géńdé tó ti gbé ìbọn rí, tó wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tó ń fi ìka tọ a, b, d.

Kí ni iṣẹ́ olùdámọ̀ràn nípa òfin tó tún padà wá ṣe níbẹ̀?

Nígbà tí ìwé àṣẹ agbẹjọ́rò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ọ̀gágun Oliver Otis Howard, tó jẹ́ olórí iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó àwọn tó gbòmìnira, yàn án láti máa gbà wọ́n nímọ̀ràn lórí òfin ní Beaufort.

Iṣẹ́ yìí ni mo gbà pé ó sọ ọ́ di ohun tó dà lẹ́yìn náà. Ẹni tó ni oko á kọ àdéhùn iṣẹ́ sórí bébà: iye wákàtí, ìdá tí òṣìṣẹ́ yóò mú nínú ìkórè, iye tí wọ́n máa yọ bó bá ṣàìsàn. Òṣìṣẹ́ tí kò mọ̀wé kà á fa igi méjì ṣe àgbélébùú sísàlẹ̀ ìwé, ó ti buwọ́ lù ú nìyẹn. Nígbà ìkórè, wọ́n á fi ìwé yẹn hàn án, wọ́n á ní gbèsè ló jẹ. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tún wà ńbẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1865, ọ̀gágun Sherman ti Àríwá ti pàṣẹ pé kí wọ́n pín ilẹ̀ etíkun fún àwọn tó gbòmìnira, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan má gbà ju 40 éékà lọ. Kí ọdún náà tó parí, Ààrẹ Andrew Johnson ti ń dá ilẹ̀ padà fún àwọn tó ni ín tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ti gbin nǹkan sórí ilẹ̀, tí wọ́n ti kọ́lé síbẹ̀, wá ń béèrè pé ta ló nilẹ̀. Agbẹjọ́rò tó bá jókòó síwájú irú èèyàn bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ á tètè mọ̀ pé ẹni tó kọ ìwé ló máa ń borí.

Báwo ló ṣe bọ́ sínú ìṣèlú?

Òfin àpapọ̀ tó jáde lọ́dún 1867 sọ pé ìpínlẹ̀ Gúúsù tó bá fẹ́ padà sínú ìṣọ̀kan gbọ́dọ̀ kọ ìwé òfin tuntun, kí àwọn ọkùnrin dúdú sì dìbò yan àwọn tó máa kọ ọ́. Àpérò ti South Carolina bẹ̀rẹ̀ ní Charleston ní ọjọ́ 14 oṣù kìíní ọdún 1868. Èèyàn 124 ni wọ́n yàn, aláwọ̀ dúdú tó wà láàárín wọn lé ní 70. Beaufort rán Wright lọ, àpérò náà sì fi í ṣe ọ̀kan nínú àwọn igbákejì ààrẹ rẹ̀.

Lọ́dún yẹn kan náà ló wọ sẹ́nétì ìpínlẹ̀ láti Beaufort. Ní oṣù kẹsàn-án, òun àti William Whipper àti Robert Brown Elliott gba àṣẹ láti máa ṣiṣẹ́ agbẹjọ́rò ní South Carolina. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni agbẹjọ́rò dúdú àkọ́kọ́ ní ìpínlẹ̀ náà. Elliott dé ilé aṣòfin àpapọ̀ ní Washington nígbà tó yá. Ti Whipper, a ṣì máa kàn án níwájú.

Kí ló kọ sínú ìwé òfin ọdún 1868 yẹn?

Apá tó jẹ mọ́ ilé ẹjọ́ ni wọ́n mọ ọwọ́ rẹ̀ sí jù. Ìwé òfin náà lápapọ̀ ṣe ohun tí South Carolina ò ṣe rí. Ó fún ọkùnrin dúdú àti funfun ní ẹ̀tọ́ ìdìbò kan náà. Ó ní kí ìjọba dá ilé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ, dúdú àti funfun.

Lórí ilé ẹjọ́, ohun tó jáde nìyí: adájọ́ àgbà kan àti adájọ́ méjì ni yóò wà nílé ẹjọ́ gíga jù lọ, ọdún mẹ́fà ni sáà kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe gómìnà ló máa yàn wọ́n, kì í sì í ṣe aráàlú ló máa dìbò fún wọn. Ilé aṣòfin méjèèjì ni yóò jókòó pọ̀ láti yàn wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ilẹ̀kùn tí Wright bá wọn gbẹ́ yìí ni wọ́n máa gbà mú un wọlé, òun náà sì ni wọ́n máa gbà lé e jáde.

Báwo ni wọ́n ṣe fi í jẹ adájọ́?

Adájọ́ Solomon Hoge fi àga rẹ̀ sílẹ̀, ó ń lọ sílé aṣòfin àpapọ̀. Àwọn aṣòfin dúdú ní ó tó gẹ́ẹ́: ìkànìyàn ọdún 1870 fi hàn pé 415,814 nínú èèyàn 705,606 tó ń gbé ìpínlẹ̀ náà ló jẹ́ aláwọ̀ dúdú, síbẹ̀ kò sí ẹyọ kan lórí àga ilé ẹjọ́ gíga. Ní ọjọ́ 1 oṣù kejì, ilé méjèèjì jókòó, wọ́n dìbò. Wright àti Whipper ni wọ́n jọ fà á. Wright ló wọlé láti parí sáà Hoge, nígbà tó sì di ìparí ọdún náà, wọ́n fún un ní ọdún mẹ́fà tirẹ̀.

Ṣé òun ni adájọ́ dúdú àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà?

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í sọ nìyí. Rárá, kì í ṣe òun. Macon Bolling Allen, tó di agbẹjọ́rò ní Maine lọ́dún 1844, ti ń dá ẹjọ́ kéékèèké ní Massachusetts kí ọdún 1850 tó dé, nígbà tí Wright ṣì jẹ́ ọmọdé. Ohun tí Wright kọ́kọ́ dé ni ilé ẹjọ́ tí kò sí ilé ẹjọ́ ìpínlẹ̀ mìíràn lókè rẹ̀. Allen náà padà wá sí Charleston nígbà tó yá, ó bá Whipper àti Elliott dá iléeṣẹ́ agbẹjọ́rò sílẹ̀, ilé aṣòfin sì yàn án ṣe adájọ́ nílé ẹjọ́ kékeré ìlú náà lọ́dún 1873. Bẹ́ẹ̀ ni Charleston ti ṣe di ibi tí àwọn èèyàn wọ̀nyí ń bára wọn pàdé.

Irú ẹjọ́ wo ló ń dá?

Bí ẹ bá ń retí ìdájọ́ tó mi ìlú tìtì, ìyàlẹ́nu ló máa jẹ́ fún yín. Ìdájọ́ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ lé ní 80 láàárín ọdún méje, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn dá lórí gbèsè, ilẹ̀, ogún, ìwé àdéhùn àti bóyá adájọ́ kékeré tẹ̀ lé ìlànà tàbí kò tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ ilé ẹjọ́ ẹ̀bẹ̀ nìyẹn níbi gbogbo.

Àmọ́ ní South Carolina lẹ́yìn ogun, ẹrù wà nínú gbèsè lásán. Wo ìbéèrè kan tó gba gbogbo kóòtù Gúúsù kan: ẹnì kan ra ẹrú láwìn lọ́dún 1859, ó kọ ìwé gbèsè. Ogun dé, ẹrú gbòmìnira. Ṣé ó ṣì gbọ́dọ̀ san owó náà? Ìwé òfin tí Wright wà níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ lọ́dún 1868 ní rárá, gbèsè yẹn ti di òfo. Lọ́dún 1872, nínú ẹjọ́ tó wá láti Georgia àti Arkansas, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Washington ní bẹ́ẹ̀ ni, àdéhùn ni àdéhùn, kí onígbèsè san án. Èèyàn ti kúrò lára ọjà, owó rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn ẹni tó rà á. Mo ti ka ọ̀rọ̀ yìí lọ́pọ̀ ìgbà, mi ò tíì rí ibi tí mo lè kà á dé tí inú mi ò ní ru.

Àwọn tó bá a jókòó ni Franklin Moses àgbà, ọmọ South Carolina, tó jẹ́ adájọ́ àgbà, àti Ammiel Willard, ará Àríwá tó bá àwọn ọmọ ogun dúdú dé. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹnu àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa ń kò.

Kí ni ọ̀rọ̀ ẹlẹ́wọ̀n Tilda Norris tí wọ́n máa ń mẹ́nu kàn pẹ̀lú orúkọ rẹ̀?

Ó yá, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀.

Oṣù kọkànlá ọdún 1876 ni ìbò gómìnà. Daniel Chamberlain ti ẹgbẹ́ Republican, tó wà lórí àlééfà, fẹ́ padà síbẹ̀. Wade Hampton, tó jẹ́ ọ̀gágun lápá àwọn tó jà nítorí ẹrú, ló dúró fún ẹgbẹ́ Democrat. Àwọn ọkùnrin tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì pupa gun ẹṣin yí ìlú ká pẹ̀lú ìbọn, kí aláwọ̀ dúdú má baà jáde dìbò. Wọ́n ti ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní Hamburg, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ náà, ní oṣù keje. Nígbà tí èsì dé, ìbò tó wá láti àgbègbè Edgefield ju iye ọkùnrin tó lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò níbẹ̀ lọ. Chamberlain ní òun wọlé. Hampton náà ní òun wọlé.

Wọ́n ní ọba kì í pé méjì láàfin. Ní Columbia, olú ìlú South Carolina, ó pé méjì. Ilé aṣòfin gan-an là sí méjì: olórí ilé méjì, Mackey ti Republican àti Wallace ti Democrat, jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú gbọ̀ngàn kan ṣoṣo fún ọjọ́ mẹ́rin. Apá méjèèjì ń sọ̀rọ̀ pa pọ̀, wọ́n ń sùn síbẹ̀ mọ́jú, torí pé ẹni tó bá jáde lè má ríbi wọlé mọ́. Chamberlain búra ní ọjọ́ 7 oṣù kejìlá. Hampton búra ní ọjọ́ 14. Àwọn ti Hampton ní kí olówó orí san ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tó san lọ́dún tó kọjá fún gómìnà tiwọn, àwọn tó lówó sì san án. Àpò Chamberlain gbẹ.

Ìgbà yẹn ni ẹlẹ́wọ̀n wọ̀ ọ́. Gómìnà ló lágbára láti dárí ji ẹlẹ́wọ̀n. Hampton buwọ́ lu ìwé ìdáríjì fún Tilda Norris. Ọ̀gá ọgbà ẹ̀wọ̀n wo ìwé náà, ó ní òun ò mọ ẹni tó ń jẹ́ gómìnà Hampton. Àwọn agbẹjọ́rò bá sáré lọ sí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ pé kí wọ́n gbé ẹlẹ́wọ̀n wá, kí ẹni tó tì í mọ́lé wá sọ ìdí. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere. Bí kóòtù bá ní kí Norris máa lọ ilé, ó ti sọ pé Hampton ni gómìnà. Wọn ò kúkú ní dárúkọ ìbò rárá.

Moses ń ṣàìsàn, àìsàn náà ló sì pa á ní oṣù kẹta. Ó ku Willard àti Wright. Tí ẹnu àwọn méjèèjì ò bá kò, kò sí ìdájọ́. Gbogbo ìjọba South Carolina wá sọ̀ kalẹ̀ sórí ìbuwọ́lù ọkùnrin kan.

Ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 1877, Wright bá Willard buwọ́ lu àṣẹ pé kí wọ́n tú Norris sílẹ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹta, ó padà wá sí kóòtù pẹ̀lú ìwé mìíràn: òun ti yọ ọwọ́ òun kúrò, òun ò gbà pé Hampton ni gómìnà lábẹ́ òfin. Willard ní ẹyin ti fọ́, àṣẹ àkọ́kọ́ ló dúró. Òun ni wọ́n tẹ̀ lé. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin, Ààrẹ Hayes kó àwọn ọmọ ogun àpapọ̀ kúrò nílé ìjọba ní Columbia, Chamberlain sì kó ẹrù rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Kí ló dé tó fi yí ọwọ́ padà?

Àwọn Democrat sọ pé àwọn Republican, ìyẹn ẹgbẹ́ tirẹ̀, ló halẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn Republican ní àwọn Democrat ló ti kọ́kọ́ dẹ́rù bà á tó fi buwọ́ lù ú. Àwọn kan ní ọtí ni.

Èrò tèmi rèé. Ìbọn wà ní gbogbo ìgboro Columbia láàárín ọjọ́ méjì yẹn, ẹgbẹ́ méjèèjì ló sì mọ ilé rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun ò ní gbọ̀n, kó kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀ wò. Mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀ pé ohun tó ṣe ba iyì ilé ẹjọ́ jẹ́, torí adájọ́ tó buwọ́ lùwé lónìí tó fà á ya lọ́tùn-únla ti fi ọ̀bẹ lé ọ̀tá rẹ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìwé kejì, èyí tí kò ṣe é láǹfààní kankan, tó sì mọ̀ pé ó máa ná òun ní ipò òun, ni mo gbà pé ó sún mọ́ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ jù.

Ṣé wọ́n yọ ọ́ nípò ni, àbí ó fi í sílẹ̀ fúnra rẹ̀?

Ó kọ̀wé fi í sílẹ̀, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí gbólóhùn yẹn tàn yín. Nígbà tí ilé aṣòfin bọ́ sọ́wọ́ àwọn èèyàn Hampton, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ dìde láti wádìí rẹ̀ lórí ẹ̀sùn ọtí mímu, wọ́n sì dábàá pé kí wọ́n yọ ọ́. Ó kọ́kọ́ fẹ́ jà á. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1877, ó kọ̀wé pé òun yóò lọ ní ọjọ́ 1 oṣù kejìlá. Kò sí ilé ẹjọ́ kankan tó gbọ́ ẹ̀sùn náà dópin. Alexander Haskell ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, ẹni tó darí ètò ìpolongo ìbò ẹgbẹ́ Democrat lọ́dún 1876. Ó hàn pé àga yẹn ni wọ́n ń wá, ọtí wulẹ̀ ni ọ̀nà.

Whipper náà jẹ ìyà tó jọ èyí, ti ẹ̀ kò tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rárá. Ní oṣù kejìlá ọdún 1875, ilé aṣòfin yàn án ṣe adájọ́ ní Charleston, Chamberlain sì kọ̀ láti fún un ní ìwé àṣẹ. Ẹgbẹ́ kan náà làwọn méjèèjì wà o.

Kí ló wá fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe lẹ́yìn náà?

Iṣẹ́ tó mọ̀. Ó kó lọ sí Charleston, ó ṣí ọ́fíìsì agbẹjọ́rò sí òpópónà Queen, ó sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìmọ̀ òfin lábẹ́ ilé ẹ̀kọ́ Claflin, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Orangeburg lọ́dún 1869 fún àwọn aláwọ̀ dúdú. Ọ̀nà tí òun fi kọ́ ọ ní Montrose náà ni: ọmọṣẹ́, ọ̀gá, ìwé, ìdánwò. Kò gbéyàwó. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ló pa á, ní oṣù kejì ọdún 1885, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 45. Ọgbà ìsìnkú ṣọ́ọ̀ṣì Calvary ní Charleston ni wọ́n sin ín sí.

Ìgbà wo ni aláwọ̀ dúdú mìíràn tún dé irú ipò yẹn?

Ó pẹ́ gan-an. Ìwé òfin tuntun tí South Carolina kọ lọ́dún 1895 gba ìbò kúrò lọ́wọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀, nípa bíbéèrè ohun ìní tàbí ìwé kíkà lọ́wọ́ wọn. Ní gbogbo Amẹ́ríkà, ọdún 1961 ni ẹlòmíràn tó dé ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní ìpínlẹ̀ kan, ìyẹn Otis Smith ní Michigan.

Ní South Carolina fúnra rẹ̀, ọdún 1985 ni, ọdún 108 lẹ́yìn tí Wright dìde kúrò lórí àga. Ernest Finney ni wọ́n yàn, ó sì di adájọ́ àgbà lọ́dún 1994. Kì í ṣe gómìnà ló yàn án, aráàlú ò sì dìbò fún un. Ilé aṣòfin méjèèjì ló jókòó pọ̀, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ lọ́dún 1868.